Ọ̀jọ̀gbọ́n Mo-Ti-Kà-Á Lọ Gba Ẹ̀bùn Alábòójútó Aláàánú

Bí ìgbéraga bá jẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gboyè lé lórí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mo-Ti-Kà-Á ì bá ti gba oyè náà lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì tún padà lọ bínú pé wọn ò fún òun ní ẹ̀kẹrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Gbé iṣẹ́ wá bá a lọ́jọ́ Ajé, béèrè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èsì kan náà ni: "Mo ti kà á." Akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ sọ fún un nígbà kan pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orí kejì lọ́la. Ó ní òun ti kà á.

A-kàwé-má-ṣíwèé! Ọkọ báírò pupa! Ó ga bí òpó iná, ó sì mọ́lẹ̀ bí òpó iná tí wọn ò tíì fa wáyà sí. Àwòrán mọ́kànlá ló wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà nínú gbogbo wọn. Nínú ọ̀kan, ó ń bọ olórí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ó ti fi àlùmọ́gàjí gé olórí ilé-ẹ̀kọ́ dànù, ó ku ọwọ́ nìkan.

Lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà níta, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: ILẸ̀KÙN MI ṢÍ SÍLẸ̀ FÚN GBOGBO AKẸ́KỌ̀Ọ́. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà tín-ín-tín: Ẹ má kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ọ̀hún kò ní ọwọ́ tí èèyàn lè fi ṣí i láti ìta.

Bí wọ́n ṣe mú ìwé kan wá bá a níjọ́ kan nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ ti rí i pé àwọn tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ń ṣàìsàn, wọ́n ń sá lọ, àwọn mìíràn ò sì lè sùn mọ́. Wọ́n wá dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀, Ẹ̀bùn Alábòójútó Aláàánú, fún ẹni tó bá ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jù: kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, ara rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá gbà á ni yóò di ọ̀gá ọ́fíìsì tuntun tí yóò máa rí sí àlàáfíà wọn. Kápẹ́ẹ̀tì wà nínú ọ́fíìsì náà. Mọ́tò wà pẹ̀lú rẹ̀, àti dírẹ́bà.

Ọ̀rọ̀ àìsàn akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì kan Ọ̀jọ̀gbọ́n rí. Àmọ́ bó ṣe ka ọ̀rọ̀ náà dé ibi "dírẹ́bà", àánú ṣe é débi pé omi lé ròrò sí i lójú.

Ó pe akọ̀wé rẹ̀, obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, tó sì ti rí ohun tí ojú ń rí tí ẹnu ò lè sọ.

"Máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. "Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi."

"Ọ̀sẹ̀ wo, sà?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Akọ̀wé kọ ọ́. "Wọ́n ní kí ẹ dárúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ yín."

"Kọ ọ́ pé wọ́n pọ̀."

"Mẹ́rìnlá ni wọ́n, sà. Wọ́n sì lórúkọ."

"Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé o ò gbọ́ ọ rí pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́ ni? Ṣé òwe yẹn sọ pé àgbà ọ̀hún mọ orúkọ ọmọ náà?"

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ wọn. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí alábòójútó ti ṣe kí ara lè tu akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé àyà sókè: "Kọ Ọjọ́ Ìsinmi Ọkàn síbẹ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi Ọkàn nìyí: Ọ̀jọ̀gbọ́n kó gbogbo wọn jọ sínú yàrá kan, ó fi wákàtí méje bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bí ìsinmi ti ṣe pàtàkì tó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde. Ó kọ orúkọ àwọn tó sùn sílẹ̀ fún ìyà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ká má purọ́, àwọn yẹn sinmi.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló le. Ìgbìmọ̀ tó ń fúnni lẹ́bùn fẹ́ rí orí kan nínú àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ kan, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí alábòójútó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò sì wá jẹ́rìí lójú gbogbo èèyàn.

"Ìyá Ekòló," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí lójú ẹsẹ̀. "Pe Ìyá Ekòló wá."

Ìnagijẹ ni. Obìnrin náà ń ṣèwádìí bí ekòló ṣe ń jí ilẹ̀ tó ti kú dìde, ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan nílé. Kì í gbó èèyàn lẹ́nu, ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sì fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ gbó o lẹ́nu: ìparí oṣù yìí ni orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, àfi bí alábòójútó rẹ̀ bá fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti tó gbé síwájú àwọn olùdánwò. Láìsí ìfọwọ́sí yẹn, ọdún mẹ́fà wọgbó. Orí karùn-ún tó kọ parí ti wà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n láti oṣù mọ́kànlá. Abẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló wà. Ó fi gbé e sókè kí ọrùn má bàa máa dun òun.

Ìyá Ekòló wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde. Ó ti rù. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó rò pé aṣọ rẹ̀ ló tóbi.

"Ọmọ mi," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin inú ìgò, "wàá bá mi sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Sọ bí mo ṣe ń tọ́jú yín. Tó o bá sọ ọ́ dáadáa, lọ́jọ́ Ajé ni mo máa fọwọ́ sí ìwé rẹ."

"Ẹ ṣeun, sà." Ó fẹ́ máa lọ, ó tún yíjú padà. "Sà, orí karùn-ún tí mo fi sílẹ̀... ṣé ẹ ti kà á?"

"Mo ti kà á!"

"Gbogbo rẹ̀?"

"Láti páálí dé páálí."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ ohun tó ń ṣe é: ìmoore ni. Ó ti rí i lójú ara rẹ̀ nínú dígí rí.

"Ẹ kà á tán," ni Ìyá Ekòló wí jẹ́ẹ́, "ẹ ò sì ní nǹkan kan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ronú. "Ó dára. Máa tẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà." Ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó rántí pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan lára orí karùn-ún ọ̀hún. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kó dé ọwọ́ àwọn kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Lójú akọ̀wé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì láti gbé e lọ, ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà fi orí gúnlẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ojú ìwé mélòó ni?" Ó fi itọ́ kan ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..." Méjìdínláàádọ́rùn-ún ni. Ó wo aago: ogún ìṣẹ́jú ló kù.

Àmọ́ ọlọ́gbọ́n kì í wá ọ̀nà tì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ti ní lórí: Ó dára. Ṣàlàyé síwájú sí i. Orísun ọ̀rọ̀ dà? Fi àwòrán sí i. Ó ń pín wọn fún ojú ìwé bí ẹni ń fọ́n irúgbìn, ibi tó bá bọ́ sí ni tiẹ̀. Báírò pupa ń sáré, ìwé ń fò. Ìyàwó rẹ̀, tó wá bá a ní ọ́fíìsì, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá a so táì mọ́ ọn lọ́rùn torí pé àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ.

"Ṣé o ń kà á báyìí ni?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Mò ń tún un kà ni."

"Ojú rẹ mà yára gan-an o."

"Ọpọlọ ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Bí ẹṣin bá mọ ọ̀nà, kò nílò kó wolẹ̀."

Òwe yẹn kò sí níbì kan. Òun ló dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó sì dùn mọ́ ọn débi tó fi kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó ń kọ òwe ara rẹ̀ sí. Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan péré, ó wọ ẹ̀wù oyè rẹ̀ tó gbòòrò bí àgọ́, ó jáde.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ wà níwájú, ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀yìn. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá arúgbó pẹlẹbẹ kan, ó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá àgbà tó yẹ kó máa sùn nílé, ni ó rò.

Wọ́n pè é gorí pèpéle. Ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bí ẹni di ọ̀rẹ́ mú.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ò lè sùn bí akẹ́kọ̀ọ́ mi ò bá sùn. Bí wọ́n bá wúkọ́, èmi ni àyà máa ń dùn. Ẹ wo ọmọ mi yìí." Ó nawọ́ sí Ìyá Ekòló tó jókòó sórí àga kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. "Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ìgbín yìí..."

"Ekòló ni, sà," ni obìnrin náà wí.

"Ìgbín ni, ekòló ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kò sí èyí tó lẹ́sẹ̀ nínú àwọn méjèèjì!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹrí ba. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Adájọ́ fi awò sójú. Ó gbé orí karùn-ún náà síwájú rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àkọsílẹ̀ pupa tó wà lára iṣẹ́ yìí, tiyín ni?"

"Tèmi ni, mà."

"Kò sí ẹni tó bá yín kọ lára rẹ̀?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sì ka gbogbo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan sí i?"

"Mà, láti páálí dé páálí. Mo tilẹ̀ tún un kà láàárọ̀ yìí."

Bí ẹni ń ti fèrèsé ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí òjò tó dé ni ìyá arúgbó yẹn ṣe ń béèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé wọ́n ń yin òun ni.

"Ó dáa," ni adájọ́ wí. Ó na ìwé náà sí i. "Ẹ bá wa ka ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta sókè, kí gbogbo ilé gbọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á. Ó gbọn ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó tún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ńlá tó fi máa ń ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀:

"'Ọ̀gá mi, mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa dé ojú ìwé yìí. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án sí yín, ẹ ò dáhùn ọ̀kan. Mo kan ilẹ̀kùn yín, wọ́n ní kí n má kan ilẹ̀kùn...'"

Ohùn ńlá yẹn rọ̀. Ó gbójú sókè.

"Ẹ máa kà á lọ," ni adájọ́ wí.

"'Mo ti dákú lẹ́ẹ̀mejì ní yàrá tá a ti ń ṣàyẹ̀wò. Dókítà ní kí n sinmi, mi ò sì mọ ẹni tí mo máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí kan kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ọmọ mi béèrè pé ṣé inú ń bí mi sí òun ni...'"

Òógùn yọ lórí imú rẹ̀.

"'Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bí mi ò bá jí lọ́la, ta ni ó máa mọ̀ ní ẹ̀ka yìí? Bí ẹ bá dé ibí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà. Ẹ kàn pè mí. Ẹ kàn bi mí pé báwo ni.'"

Ó sọ ìwé náà kalẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

"Ẹ ò tíì parí," ni adájọ́ wí. Ó mú un, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ibi tó ti ní òun dákú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Orísun ọ̀rọ̀ dà?' Ibi tó ti ń jókòó sínú mọ́tò, 'Fi àwòrán sí i.' Ibi tó ti ní bí òun ò bá jí lọ́la..." Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "'Ó dára.'"

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn. Irọ́ ìbáà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tíì gbà pé ó ti bá òun.

"Mà, àlàyé wà! Iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ ni. Mo... mo rò pé ekòló ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Ekòló tó bímọ obìnrin," ni adájọ́ wí, "tó sì ń jókòó sínú mọ́tò láràárọ̀?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ bí òjò orí páànù. Ọ̀jọ̀gbọ́n lu pèpéle. "Mo ti kà á! Mo búra, mo kà á! Ẹ bi akọ̀wé mi!"

Akọ̀wé dìde nínú àwọn èrò, ó rọra di ọwọ́ mú níwájú. "Òótọ́ ni, mà. Ó kà á. Ojú mi ló ṣe. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, títí tó fi pé méjìdínláàádọ́rùn-ún. Kò fo ọ̀kan."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ fi ìwé ètò bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Àwọn ìjòyè ẹ̀ka tó ti ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n ní "ọ̀gá wa tuntun" láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde níwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ kọjá láìwò ó, ó lọ dúró ti Ìyá Ekòló, ó sì fọwọ́ lé e léjìká.

"Ìyá kékeré," ló wí, "báwo ni? Ṣé ara ti ń mókun báyìí?"

Ìyá Ekòló fẹ́ dáhùn. Ó kàn ń mi orí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n sì jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn pèpéle pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá tó wọ̀.

Adájọ́ dúró títí Ìyá Ekòló fi nu ojú rẹ̀ tán. "Ọmọ mi, wọ́n ní kó o wá jẹ́rìí. Ìwé rẹ ti jẹ́rìí fún ọ. Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan kà á, mà." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, àmọ́ gbogbo ilé gbọ́. "Bí kò bá dáa, kó sọ fún mi pé kò dáa. Ìyẹn náà á dùn mọ́ mi."

"Èmi ti kà á," ni adájọ́ wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ekòló. Àmọ́ mo rí i ní ojú ìwé ogójì pé àròpọ̀ tó o ṣe níbẹ̀ kò tọ̀nà. Ó yẹ kó pé ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún lo rí. Lọ tún un ṣe."

Ìyá Ekòló ya ẹnu. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín pọ̀ mọ́ ẹkún. Láti ọdún mẹ́fà, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́nì kan máa rí àṣìṣe rẹ̀.

Adájọ́ kọjú sí àwọn èèyàn. Ó ní ìgbìmọ̀ ti bá olórí ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé: wọ́n ti fi ọdún kan kún àkókò obìnrin náà, kó lọ tọ́jú ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ná, alábòójútó mìíràn ló sì máa gba iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́tàlá tó kù lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí wọ́n wá rí ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú lẹ́tà tí wọn ò tíì rí èsì rẹ̀ dání. Ẹ̀bùn tọdún yìí kò rẹ́ni gbà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ibi tó máa gbà jáde. Ó kọ́kọ́ lọ síbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pèpéle, ó fà á, wọ́n ti tì í pa. Ó tún un fà, ẹ̀wù oyè rẹ̀ há mọ́ ìṣó, ó ya fàà láti èjìká dé ìdí. Kò sọ́nà mìíràn àfi àárín gbọ̀ngàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àkísà ń wọ́ tẹ̀ lé e bí ìrù.

Bó ṣe dé ìdajì ọ̀nà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ dìde dúró.

Ó wò wọ́n lápá ọ̀tún, ó wò wọ́n lápá òsì. Wọ́n dìde fún un! Ọkàn rẹ̀ tutù. Ọmọdé lè ṣìwà hù, àmọ́ wọ́n mọ àgbà. Ó na ọrùn, ó gbé àyà sókè, ó rọra gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti kí wọn, ó sì fi ẹ̀rín sí ẹnu.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya bí omi. Wọ́n ń gba apá ọ̀tún rẹ̀ kọjá, wọ́n ń gba apá òsì, wọ́n ń sáré lọ síwájú níbi tí Ìyá Ekòló jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ọmọkùnrin gíga kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò rọ́nà gbà nítorí aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ọmọkùnrin náà wí, "ẹ yà fún wa. A fẹ́ lọ béèrè àlàáfíà rẹ̀."